Ìró Onísíìpù: Iṣẹ́ Ṣadé Thomas-Fahm àti Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ Yorùbá Nínú Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní agbègbè Àrámọ̀kọ Èkìtì, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì SS2 ní ìdánwò lórí àṣà ìwọṣọ. Ìbéèrè kan ní kí wọ́n ṣe àlàyé ohun tí ìró jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dá ohun tí mo kọ́ wọn padà fún mi: aṣọ fífẹ̀ tí a kò rán, tí obìnrin ń ró mọ́ ìbàdí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan fi kún un pé ìró lè jẹ́ aṣọ tí a rán, tí a sì fi síìpù sí ní ẹ̀gbẹ́. Mo fi bírò pupa fa igi lé e lórí, mo sì fún un ní òdo. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé síkẹ́ẹ̀tì ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìró.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá àgbà ọmọ náà ti Ìjerò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí. Wọn kò bínú, wọn kò sì gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn ṣí báàgì wọn, wọ́n yọ ìró àdìrẹ kan tí ó ti ṣá díẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. A ti rán etí rẹ̀ pọ̀ bí ẹni pé a ti ró o tán. Síìpù onírin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin ń pe èyí? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní 1968, òun ni mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì. Ìró ni a ń pè é." Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì dá máàkì ọmọ náà padà fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lára mi. Ta ni ó kọ́kọ́ dá irú àrà bẹ́ẹ̀? Kí ni ó fà á tí ó fi dá a? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwa tí a ń kọ́ni ní àṣà Yorùbá máa sọ pé ohun tí tíṣà kan ní Ìjerò wọ̀ ní èyí tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ kì í ṣe àṣà? Ìbéèrè wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn. A óò kọ́kọ́ wo aṣọ obìnrin ní ilẹ̀ Èkìtì ní ayé àtijọ́. Lẹ́yìn náà, a óò ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Ìyáàfin Ṣadé Thomas-Fahm, aránṣọ adárà tí a mọ ìró onísíìpù mọ́. A óò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti obìnrin kan ní Amẹ́ríkà. Ní ìkẹyìn, a óò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ àti ẹni tí ń yẹ ìwé ìdánwò wò. Bí a bá lo "ó" fún àwọn àgbà nínú àpilẹ̀kọ yìí, kì í ṣe àrífín. Ìlànà ìwé kíkọ ni.

2. Aṣọ Obìnrin ní Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì Láyé Àtijọ́

Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè kì í ṣe ìlú àná. Ajerò àti Alárá wà nínú àwọn ọba tí ẹnu àwọn babaláwo kò gbófo lórí wọn, a sì mọ Ẹ̀fọ̀n mọ́ iṣẹ́ ọnà igi gbígbẹ́. Ọwọ́ àwọn obìnrin agbègbè yìí náà kò dilẹ̀. Láti oko ni òwú ti ń wá. Àwọn obìnrin ni ó ń yọ kóró inú rẹ̀, àwọn ni ó ń ran án, àwọn ni ó ń fi aró rẹ ẹ́, àwọn náà ni ó sì ń hun ún.

Oríṣi òfì méjì ni a mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Òfì àwọn ọkùnrin gùn sílẹ̀ gbọọrọ. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde, tí a ó wá máa rán pọ̀ kí ó tó di aṣọ ńlá. Ibẹ̀ ni ẹtù, sányán àti àlàárì ti ń wá, Ìsẹ́yìn sì jẹ́ ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nídìí iṣẹ́ náà. Òfì àwọn obìnrin ní tirẹ̀ dúró lóòró. A máa ń gbé e ti ògiri nínú ilé, obìnrin á sì jókòó níwájú rẹ̀ láàrin iṣẹ́ ilé, bí ọmọ ti ń sùn, bí ọbẹ̀ ti ń hó. Aṣọ tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde fẹ̀, ó ki, ó sì lágbára. Kíjìpá ni a ń pè é. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, títí dé Èkìtì àti Ọ̀wọ̀, òfì olóòró yìí fìdí múlẹ̀ púpọ̀.

Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kíjìpá kì í tètè gbó. Ẹni tí kò bá fẹ́ máa ra aṣọ lóòrèkóòrè ni ó ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n bí a bá tún òwe náà gbọ́ dáadáa, a óò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni ó fi sí ìsàlẹ̀, tí ó sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin sókè. Aṣọ tí ó ń bá ni lọ oko, tí a fi ń pọn ọmọ, tí a fi ń bora lóru ọyẹ́, òun ni a ń pè ní ti ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Nígbà tí aṣọ ilé iṣẹ́ òkèèrè dé, ìyípadà dé bá ìwọṣọ. Àǹkárá tí àwọn ará Họ́láńdì ń tẹ̀ gba ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn mú gáùn wá. Kò pẹ́ tí ìwọṣọ obìnrin tí ó kàwé fi pín sí méjì. Bí ó bá ń lọ sí ọ́fíìsì tàbí kíláàsì, gáùn tàbí síkẹ́ẹ̀tì ni. Bí ó bá di ọjọ́ ìyàwó, ìsìnkú tàbí ọdún, nígbà náà ni ìró, bùbá àti gèlè ń jáde láti inú àpótí. Aṣọ ilẹ̀ wa di aṣọ ayẹyẹ nìkan. Aṣọ tí a kò bá fi ṣiṣẹ́, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ọ̀nà àtiparun ni ó ń tọ̀.

3. Ìrìn-àjò Ṣadé, 1933 sí 1960

Ní 1933 ni a bí Fọláṣadé Thomas ní Èkó. Ní 1953, nígbà tí ó tó bí ọmọ ogún ọdún, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ lọ kọ́. Ní ìgbà náà, iṣẹ́ tí òbí fi ń yangàn ni, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ wa ni ó sì ń bá a lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńláńlá tí ó wà ní ìgboro ibẹ̀. Bí wọ́n ti to aṣọ sára ère, bí wọ́n ti gé e, bí ó ti ṣe wẹ́kú, gbogbo rẹ̀ ni ó gbà á lọ́kàn. Ó pinnu pé aṣọ ni òun yóò kọ́.

Ìpinnu yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ bí a ti ń wo télọ̀ ní ilẹ̀ wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí a rò pé orí wọn kò gba ìwé ni a ń fà lé aránṣọ lọ́wọ́. Kí ọmọ tí a rán lọ sí òkè òkun wá kọ̀wé sílé pé abẹ́rẹ́ àti òwú ni òun fẹ́ kọ́, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Barrett Street, èyí tí ó wà nínú àwọn tí ó para pọ̀ di London College of Fashion lónìí, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Saint Martin's School of Art. Ó ṣe iṣẹ́ afaṣọhàn pẹ̀lú, ìyẹn ẹni tí ń wọ aṣọ kí àwọn olùrà lè rí bí ó ti rí lára.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ níbẹ̀ ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó kọ́ bí a ti ń ya àwòrán aṣọ kí a tó gé e, bí a ti ń gé bébà ìwọ̀n kí aṣọ kan náà lè bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, àti bí a ti ń rán aṣọ sílẹ̀ de olùrà. Ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ aṣọ ni yóò ra aṣọ, tí yóò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀, tí télọ̀ yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò sì máa dá ọjọ́ fún un. Aṣọ àránsílẹ̀ tí a fi aṣọ ilẹ̀ wa rán jẹ́ ohun tí ojú kò tíì rí tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, Ṣadé padà sí Èkó. Ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó kọ́kọ́ pè é ní Maison Shadé, lẹ́yìn náà ni ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Shade's Boutique. Ó gba àwọn aránṣọ síṣẹ́, ó sì ń rán aṣọ fún àwọn obìnrin ìlú tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó ń rìnrìn-àjò, tí ó sì ń gba àlejò. Lẹ́yìn tí ó ṣe ìgbéyàwó, Thomas-Fahm ni a mọ̀ ọ́n sí.

4. Àrà tí Ó Dá

Kì í ṣe pé Ṣadé kó aṣọ òyìnbó wá sí Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni pé aṣọ ilẹ̀ wa ni ó fi ọgbọ́n tuntun rán. Aṣọ òkè, àdìrẹ, aṣọ Òkènè àti aṣọ Akwete ni ó ń lò. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta nínú àrà rẹ̀ kí a sì yẹ̀ wọ́n wò.

Èkíní ni ìró. Gbogbo obìnrin tí ó ti ró ìró lọ síbi iṣẹ́ mọ ìṣòro rẹ̀. Bí a bá sáré, a tú. Bí a bá gun àtẹ̀gùn, a fi ọwọ́ kan dì í mú. Bí a bá jókòó tí a sì dìde, a ní láti tún un ró. Ó dára fún ìjókòó òde, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì ní àárọ̀. Ṣadé rán ìró náà ní ìrísí bí a ti ń ró o gan-an, ó wá fi síìpù sí i. Ẹni tí ó rí i ní òkèèrè yóò rò pé a ró o ni. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ̀ pé bí òun sáré, kò ní tú.

Èkejì ni gèlè. Wíwé gèlè gba àkókò, ó gba dígí, nígbà mìíràn ó tún gba ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣadé ṣe gèlè àwésílẹ̀, tí a kàn ń gbé lé orí. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń pè é ní ọtó-gèlè, wọ́n sì rò pé àná ni ó dé. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí àwọn ìyá àgbà wọn wà ní ọ̀dọ́.

Ẹ̀kẹta ni agbádá. Aṣọ ọkùnrin ni agbádá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣadé mú ìrísí rẹ̀, ó sọ ọ́ di ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ fún obìnrin, ó sì kóṣẹ́ sí ọrùn rẹ̀. Lónìí tí obìnrin bá wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ lọ sí òde ní Adó tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, ẹnikẹ́ni kò ní yí ojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a bá wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, ìlànà kan ni ó so wọ́n pọ̀. Kò pa ìrísí tì; ohun tí ó yí padà ni ìlò. Ó bi aṣọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Kí ni o ń dí obìnrin lọ́wọ́ láti ṣe?" ó sì tún ibẹ̀ ṣe.

A ní láti kíyè sí nǹkan kan sí i nípa àwọn aṣọ tí ó yàn. Aṣọ Òkènè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin Ebira. Aṣọ Akwete jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin ìlú Akwete ní ilẹ̀ Ìgbò. Orí òfì olóòró ni wọ́n ti ń hun méjèèjì. Èyí ni pé ọmọ ìyá kíjìpá ni wọ́n, ìbátan aṣọ tí òwe wa pè ní ti ọ̀lẹ. Nígbà tí aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ gbé wọn sórí àwọn ọ̀tọ̀kùlú Èkó, kò sí ẹni tí ó rántí òwe náà mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; bí ahunṣọ kò bá rí aránṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè kúrò lẹ́bàá ògiri.

5. Àfiwé: Claire McCardell ti Amẹ́ríkà

Kí a má baà rò pé Èkó nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan ní òkè òkun. A bí Claire McCardell ní 1905 ní ìlú Frederick, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ní ìgbà èwe rẹ̀, Paris ni gbogbo aránṣọ Amẹ́ríkà ń wò ṣe. Ohun tí Paris bá rán lọ́dún yìí ni wọn yóò fara wé. McCardell pàápàá kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba Paris ní 1940, ọ̀nà dí, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n orí ara wọn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní oríṣi aṣọ kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí aṣọ eré ìdárayá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń wọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù orí koríko tàbí lọ gun kẹ̀kẹ́ ni. McCardell wà nínú àwọn tí ó sọ ọ́ di aṣọ ojoojúmọ́ fún obìnrin: aṣọ tí kò fún ni lọ́rùn, tí ó ní àpò, tí obìnrin lè dá wọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni kí ó wá bá òun di ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1942, nígbà tí ogun ti kó àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ohun ìjà, ó rán aṣọ kan tí ó pè ní Popover fún obìnrin tí ó ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀. Aṣọ tí a ń yí mọ́ ara ni, tí a ó sì so. Ó lówó mọ níwọ̀n, dọ́là 6.95 ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí 75,000 sì ni wọ́n tà ní sáà àkọ́kọ́. Ní 1955, ìwé ìròyìn Time gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú. Ó kú ní 1958, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Àfiwé méjèèjì dùn mọ́ni. Àwọn méjèèjì lọ sí ilẹ̀ mìíràn lọ kọ́ ọgbọ́n, àwọn méjèèjì sì padà sílé wá lò ó fún obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni ó rán aṣọ sílẹ̀ de olùrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ náà. McCardell mú aṣọ tí a rán, ó sọ ọ́ di ohun tí a ń yí mọ́ ara. Ṣadé mú aṣọ tí a ń yí mọ́ ara, ó sọ ọ́ di ohun tí a rán. Ibi tí ọ̀kan ti ń bọ̀ ni èkejì ń lọ. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé kò sí ìrísí aṣọ kan tí ó jẹ́ ti ọ̀làjú nípa ti ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń pe ìró ní aṣọ ará oko kò mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi owó ra ohun tí ó jọ ọ́.

6. Ǹjẹ́ Ó Tún Àṣà Ṣe tàbí Ó Bà Á Jẹ́?

Kò yẹ kí a fi ìyìn nìkan parí ọ̀rọ̀. Àwọn kan gbà pé irú iṣẹ́ yìí ni ó gba ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Mo dán èyí wò. Mo mú gèlè wá sí kíláàsì, mo sì ní kí àwọn ọmọbìnrin wé e. Nínú mẹ́tàlélógún tí ó wà níjòókòó, mẹ́rin péré ni ó lè wé e tí kò fi já. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pa mí. Bí gèlè àwésílẹ̀ bá wà, ta ni yóò kọ́ wíwé? Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ̀sùn kejì ni pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú ni ṣọ́ọ̀bù Ṣadé wà fún. Èyí náà kì í ṣe irọ́. Tíṣà ní Ìjerò kò lè wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ ra ìró kan. Ṣùgbọ́n àrà kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá tí ó wá bá mi sọ fún mi pé aránṣọ kan tí ó ti Èkó dé ni ó bá àwọn rán tiwọn, láàrin ọjọ́ méjì, lórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí. Bí àrà ṣe ń rìn nìyẹn ní ilẹ̀ wa. Ẹnìkan á dá a ní ìlú ńlá, ọmọṣẹ́ á wò ó, á gbé e dé abúlé, orúkọ ẹni tí ó dá a á sì sọnù lójú ọ̀nà. Ní ti àwọn akéwì, a máa ń jà fitafita kí orúkọ wọn má sọnù. Kí ló dé tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ?

Ní tèmi o, mo gbà pé àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ti rí ní 1960. Ohun tí ó wà níwájú obìnrin ọ́fíìsì kì í ṣe ìró tí a ró àti ìró onísíìpù. Ìró onísíìpù àti gáùn ni. Bí kò bá sí èyí àkọ́kọ́, èyí èkejì ni ìbá mú. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970, léèsì tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Lustenau ní ilẹ̀ Austria gba gbogbo òde ayẹyẹ wa. Àwọn tí ó ti kọ́ ojú wa láti rí ẹwà àdìrẹ àti aṣọ òkè ní ìgbà náà ni kò jẹ́ kí a gbàgbé wọn pátápátá. Ní ti gèlè wíwé tí àwọn ọmọ kò mọ̀, ẹ̀bi ẹni tí ó wé e sílẹ̀ kọ́. Ẹ̀bi àwa tí a ní wọn nínú kíláàsì fún ọdún mẹ́fà tí a kò mú gèlè kan wá ni.

Àwọn ará òde ti rí iyì iṣẹ́ yìí. Ní 2004, Ṣadé kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tí ó pè ní Faces of She. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2023. Iṣẹ́ Ṣadé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Kofi Ansah ará Gánà, Chris Seydou ará Màlì àti Alphadi ará Nìjẹ̀r. Ìlú kan náà tí ó ti dúró ní ẹ̀bá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní 1953, tí ó ń wo aṣọ wọn, ni ó wá dúró níwájú dígí tí ó ń wo tirẹ̀.

7. Ohun tí Ó Kan Olùkọ́ àti Olùyẹ̀wéwò

Àṣà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́ta tí a ń dán àwọn ọmọ wò lé lórí, pẹ̀lú èdè àti lítíréṣọ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan máàkì, máàkì sì lè sọ ẹni tí ọmọ yóò dà. Mo ní àbá mẹ́ta.

Èkíní, kí a máa fi ọdún sí àṣà. Bí ìbéèrè bá ní kí ọmọ sọ̀rọ̀ lórí aṣọ obìnrin, kí ó hàn gbangba bóyá ti kí òyìnbó tó dé ni a ń béèrè ni, tàbí ti ìgbà òmìnira, tàbí ti òde òní. Ìbéèrè tí kò ní ìgbà nínú ni ó mú kí n fún ọmọ tí ó gba ìbéèrè mi ní òdo.

Èkejì, kí a lo aṣọ láti kọ́ wọn ní èdè. Èdè wa ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀-ìṣe fún ìwọṣọ. A ń wọ ẹ̀wù, a ń ró ìró, a ń wé gèlè, a ń dé fìlà, a ń gba ọ̀já, a ń sán bàǹtẹ́. Ara "ró" ni a ti ṣẹ̀dá "ìró". Ṣùgbọ́n màmá wa láti Ìjerò sọ pé òun "wọ" ìró onísíìpù, mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì mi pé wọ́n "dé" gèlè àwésílẹ̀. Orúkọ dúró, ọ̀rọ̀-ìṣe ń yí padà. Ẹ wo ẹ̀kọ́ gírámà tí ó wà nínú síìpù kan ṣoṣo! Kí a máa gé máàkì irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdí rẹ̀ ni ó tọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa sílẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n, ní Àrámọ̀kọ, ní Ìjerò àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, a ṣì lè rí àwọn ìyá tí ó rí òfì olóòró ní ilé ìyá wọn. Kí a rán àwọn ọmọ wa lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí ni wọ́n ń pe igi tí ó wà lókè? Kí ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n fi ń ti òwú wọlé? Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. Bí àwọn ìyá náà bá lọ tán, ọ̀rọ̀ wọn bá wọn lọ nìyẹn.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé ìró onísíìpù ní ìtàn, ìtàn náà sì ní orúkọ àti ọdún. Ọmọbìnrin Èkó kan lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní 1953, ó padà ní 1960 pẹ̀lú abẹ́rẹ́, ó sì fi abẹ́rẹ́ náà mú aṣọ ilẹ̀ wa kúrò nínú àpótí, ó mú un lọ sí ibi iṣẹ́. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ẹni tí ó rán an.

Ọmọ tí mo fún ní òdo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa báyìí. Kí ó tó lọ, mo ní kí ó bá mi yá ìró ìyá rẹ̀ àgbà lọ́jọ́ kan. Mo fi kọ́ SS2 tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sára pátákó lọ́jọ́ náà ni àṣìṣe mi.